Níbo Ni Wọ́n Ti Máa Gún Iyán?

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ dákun, níbo ni wọ́n ti máa gún iyán nínú ilé yìí?"

Màmá ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó tẹ́ pláànù ilé tuntun wọn sórí tábìlì mi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá márùn-ún ni, lórí ilẹ̀ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Àbúrò ìyàwó ló fi kọ̀ǹpútà yà á. Ó mọ́ lójú, kò sí ìlà kan tó wọ́. (Èmi kì í ṣe ẹ̀ńjíníà o, n kì í sì í ṣe akítẹ́ẹ̀tì. Ayàpláànù ni mí. Àwọn tó níwèé ẹ̀rí ló ń bá mi tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n n'Ìbàdàn, ẹni tó bá ti di rúlà mú, ẹ̀ńjíníà ni.)

Mo wo ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, inú pálọ̀ ni ilẹ̀kùn ọ̀hún sì ṣí sí. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, a ó ra ẹ̀rọ tó ń gún un." Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe yẹn, mo ti ṣe é rí.

Ọdún 1984 ni bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè-Àdó. Orí ìwé tó mọ́ gaara bí awẹ́ àlùbọ́sà la ti ń yàwòrán nígbà náà, pẹ̀lú rúlà onígun T àti kálámù Rotring. Bí o bá ṣi ìlà fà, abẹ fẹ́lẹ́ lo máa fi ha yíǹkì kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ìwé má baà lu. Bó bá lu, o tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè nìyẹn. Amóníà tí a fi ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀ máa ń ta omi lójú ẹni. Lónìí, ọmọdé á tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo ilé á yí padà, iwájú á di ẹ̀yìn. Èmi náà ń lo AutoCAD, n ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í bá pláànù yí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá mi ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan kálámù. Tépù ló fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ wọn agbo ilé bàbá mi. Tiwa wà lápá Ọjẹ́. Mo wọn yàrá ìyá bàbá mi: kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní ìbú, fèrèsé rẹ̀ kò ju ohun tí orí lè gbà kọjá lọ. Mo padà lọ sọ fún ọ̀gá pé ìyà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ó ní kí n tún lọ ní ìrọ̀lẹ́. Mo bá ìyá àgbà àti ọmọ rẹpẹtẹ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá po. Ẹnìkan ń dirun, ẹnìkan ń ṣa ẹ̀wà, àlejò jókòó sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó wà nínú yàrá. Yàrá kàn wà fún oorun àti ẹrù ni.

Àwọn Àgùdà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ da ìyẹn rú. Àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú Bràsíìlì àti Kúbà padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ wálé. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ilé tiwọn ní òkè, ó ní fèrèsé gíga, ó sì ní ọ̀nà tààrà kan tó la àárín rẹ̀ já, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Nígbà tó yá, àwọn onílé rí i pé ọ̀nà yẹn rọrùn láti fi háyà yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ṣe dé nìyẹn. Ilé ìdáná ṣì wà lẹ́yìn o. Ìgbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ àwọn ilé Bódìjà, ní ìparí àwọn ọdún 1950, ni èmi mọ̀ pé ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jọ wọ abẹ́ òrùlé kan náà lọ́dọ̀ wa n'Ìbàdàn. Òjò ò pa ẹni tó ń dáná mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bódìjà fẹ̀. Nígbà tí àwa wá ń ya irú ilé yẹn sórí ilẹ̀ kékeré, ẹ̀yìnkùlé la kọ́kọ́ gé dànù.

Ní 1991, mo ya báńgálò oníyàrá mẹ́ta fún tíṣà kan. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ilé, kò sì sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọbẹ̀ gbígbóná yí ilé po, ó gba àárín àlejò kọjá, ó sì dànù sórí kápẹ́ẹ̀tì. Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Kò bú mi. Ó mú mi wọ ilé ìdáná, ó fi èédú lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ya ilẹ̀kùn síbẹ̀." Mo yà á sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Bíríkìlà ti dúró tì mí tòun tòòlù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún ti Akóbọ̀ ṣe. Yàrá Màmá tí wọ́n gbé sókè, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lókè gan-an lórí tábìlì oúnjẹ, mo sún un sórí ti ìsàlẹ̀, kí páìpù kan lè gbé ẹ̀gbin méjèèjì. Mo fi àkàsọ̀ àti ibi ìkẹ́rù sí apá ìwọ̀ oòrùn: búlọ́ọ̀kù tó bá ti mu oòrùn ìrọ̀lẹ́, òru ló máa ń tú u jáde, àgàgà bí iná bá lọ. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba fèrèsé lára ògiri méjì, nítorí atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti ní rọ́nà jáde. Baálé fẹ́ kí òkè pálọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu dé àjà, bó ṣe rí i lórí fóònù. Mo ní ooru àti ariwo tẹlifíṣọ̀n ni yóò jọ máa gùn ún lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ó ní òun ṣáà fẹ́ ẹ. Owó rẹ̀ ni, mo fi í sílẹ̀ fún un.

Ilé ìdáná, mo tì í dé ògiri ẹ̀yìn, mo ya ilẹ̀kùn sí i, mo wá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé lé e lẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní ìbú, tòun ti ẹ̀rọ omi. Màmá ò lóye ìlà orí ìwé. Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fà á sílẹ̀ ọ́fíìsì mi bó ṣe máa tó gẹ́lẹ́. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni mú ọmọrí odó, ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ẹ̀yìn.

"Ẹnìkejì mi ńkọ́? Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un."

Mo nu ṣọ́ọ̀kì náà, mo sì tún un fà.