Kí Ẹ Tó Gbé Fóònù Yín Lọ sí Mẹ́kà

Gbogbo wa la mọ bí ilé ti máa ń rí nígbà tí ẹnì kan bá ń múra àtilọ sí Hájì. A ó ra bàtà tí ó fúyẹ́, a ó dín ẹran, a ó wọn gààrí sínú ọ̀rá, a ó sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú àpò kékeré. Ṣùgbọ́n fóònù, tí gbogbo ilé yóò fi máa gbọ́ ohùn onírìn-àjò náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a óò kàn jù ú sínú àpamọ́wọ́ ni. Ilé sì ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ fóònù yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Magodo ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti parí àsàlátù, àwọn ìyá tí wọ́n ti san owó Hájì máa ń yọ fóònù wọn jáde, wọn a sì bi mí pé: “Ìyá Sádíà, ṣé síìmù mi yìí yóò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún?” Èsì mi kì í yí padà. Mo máa ń sọ pé yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Bí ẹ bá fetí sí orúkọ náà dáadáa, ó dà bí ẹni pé ó ń wí pé kò sí ọ̀fẹ́! Wọn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni a ó wá jókòó láti ṣàlàyé.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Nínú síìmù kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà kan wà tí ojú wa kì í rí. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 621, ti Saudi sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 420. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá balẹ̀ ní Jẹ́dà, tí Àlàájà bá tan fóònù rẹ̀, fóònù náà yóò ké sí òpó tí ó sún mọ́ ọn. Òpó yóò rí 621, yóò mọ̀ pé àlejò ni, yóò sì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù náà ní Nàìjíríà pé: “Ọmọ yín kan wà lọ́dọ̀ wa, ṣé kí a gbà á lálejò?” Bí àdéhùn bá wà láàárín àwọn méjèèjì, tí owó sì wà lórí síìmù, wọn yóò gbà á. Èyí ni àwọn onífóònù ń pè ní rómíìnì. Àkọ́kọ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì wáyé ní ọdún 1992, láàárín Telecom Finland àti Vodafone ti Ìlú Ọba. Ní tiwa, oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni irú fóònù yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí ìṣẹ́jú kan ń jẹ́ náírà 50, tí ẹni tí ó bá ní síìmù ń rìn bí olówó láàárín ìlú.

Kí ló dé tí rómíìnì fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Àlejò jẹun, onílé sì fi ìwé owó ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni bàbá yóò fi san án, yóò sì bù èrè tirẹ̀ lé e kí ó tó gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, ẹ lè rò ó fúnra yín bí ìṣirò náà ti rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń ya àwọn ìyá wa lẹ́nu jù ni pé, bí ènìyàn bá wà ní òkèèrè lórí rómíìnì, owó máa ń lọ lórí ìpè tí ó gbà, kì í ṣe lórí èyí tí ó pè nìkan. Nílé, ẹni tí ó pè ni ó ń san. Lọ́hùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó pe Àlàájà láti Kétu ń san owó bí ẹni pé Kétu náà ni Àlàájà wà, nítorí pé kò yẹ kí ó mọ ibi tí ó rìn dé. Ọ̀nà tí ó kù, láti Èkó títí dé Mẹ́kà, orí Àlàájà ni owó rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ilé tiwa. Ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n lọ sí Hájì ní ọdún 2015. Ọjọ́ Iléyá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án. Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ẹbí ti ń pè wọ́n láti Ẹ̀pẹ́, láti Ìkòròdú, láti Máìlì 12. Gbogbo wọn ń kí wọn kú ọdún, gbogbo wọn ń tọrọ àdúrà. Ìyá ń gbé fóònù, wọ́n ń ṣe àmín, wọ́n ń dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹran wà lórí iná nígbà tí ìròyìn dé pé èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Minà, pé òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Ọkọ mi mú fóònù, ó pe ìyá mi. Ohùn kan tí kì í ṣe ti ènìyàn sọ pé a kò lè rí nọ́ńbà náà pè. Ó tún pè, bákan náà ni. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ohùn yẹn nìkan ni a ń gbọ́.

Kò sí ẹni tí ó jẹ ẹran Iléyá náà nínú ilé wa. Àbúrò mi obìnrin jókòó lórí ẹní, kò sọ̀rọ̀, kò sunkún. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni nọ́ńbà kan tí a kò mọ̀ pè wá, 966 ni ó ṣáájú rẹ̀. Ìyá mi ni. Arábìnrin kan láti Ìbàdàn tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ni ó yá wọn ní fóònù. Wọ́n ní: “Ara mi le, Alihamudulilai. Owó ló tán lórí fóònù mi.” Kíkí kú ọdún ni ó jẹ owó náà tán, àdúrà lórí àdúrà, kí ìròyìn burúkú tó dé. Ìfẹ́ ni ó pa fóònù náà lẹ́nu mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ mi láàárín ẹgbẹ́ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ gbọ́ ohun tí a máa ń ṣe. Síìmù Nàìjíríà, ẹ mú un lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìpè ojoojúmọ́. Nítorí báńkì ni ẹ ṣe ń mú un lọ. Bí báńkì bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni ẹ ń ná owó yín, nọ́ńbà àṣírí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, orí síìmù tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ni yóò sì gbà wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbígba irú iṣẹ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ owó. Kí ẹ tó kúrò ní Ìkẹjà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín, kí wọ́n ṣí rómíìnì fún yín, ẹ sì béèrè ohun mẹ́rin: èló ni ìpè tí mo bá pè? Èló ni èyí tí mo bá gbà? Èló ni iṣẹ́ kúkúrú? Ilé-iṣẹ́ Saudi wo ni ẹ bá ní àdéhùn? Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín pa dátà rómíìnì nínú fóònù náà, nítorí àwọn ohun tí ó wà nínú fóònù máa ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sùn, wọn a sì jẹ owó tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí owó bá tán, ẹni tí ó wà ní Èkó lè fi owó sí orí síìmù yín láti ilé.

Fún ìpè ojoojúmọ́, ẹ ra síìmù ti Saudi. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ ni STC, Mobily àti Zain. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání, ẹ ó sì tẹ ìka, nítorí láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń gba ìtẹ̀ka lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ra síìmù. Ẹ má ṣe gba síìmù tí ẹlòmíràn ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti gba nọ́ńbà, ẹ fi ránṣẹ́ sílé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà kẹta tún wà tí wọ́n ń pè ní eSIM. Kò ní káàdì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń rà á kí a tó kúrò nílé. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó lè gbà á, dátà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fúnni.

Ẹ má gbára lé ìpè WhatsApp nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ìjọba Saudi mú òfin kúrò lórí ọ̀pọ̀ ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ìpè WhatsApp kì í fi wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń kọjá. Nítorí náà, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe kíkí ọdún. Ẹ lè ṣe àdúrà gígùn sínú rẹ̀, Àlàájà yóò gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ráyè, kò sì ní pa fóònù rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Kútọnu láti ra ọjà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Ní ẹ̀gbẹ́ Sẹ̀mẹ̀, òpó orílẹ̀-èdè Benin lè gba fóònù yín kí ẹ tó kọjá ẹnu ibodè. Ẹ pa dátà rómíìnì kí ẹ tó débẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni 01 ti ń ṣáájú nọ́ńbà fóònù wọn, nítorí náà nọ́ńbà àtijọ́ tí ẹ kọ sínú ìwé ọjà kò ní wọlé mọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ bi wọ́n léèrè síìmù Nàìjíríà wọn. Ìlànà àjọ NCC ni pé, síìmù tí kò bá ṣe iṣẹ́ tí ó mú owó wọlé fún ọjọ́ 180, ilé-iṣẹ́ lè pa á. Bí iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún kọjá, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀ bí báńkì bá ṣì ń fi àṣírí ọmọ yín ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà!

Kì í ṣe dandan kí ọ̀rọ̀ rómíìnì máa ni wá lára báyìí. Ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Celtel so Kenya, Uganda àti Tanzania pọ̀, ẹni tí ó bá kọjá ibodè ń gba ìpè láìsan owó. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2017, àwọn ará Yúróòpù ń lo síìmù ilé wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ní iye owó ilé. ECOWAS náà ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2017. Òfin ti wà. Ìmúṣẹ rẹ̀ ni ó ń falẹ̀. Ó yẹ kí àwa oníṣòwò àti onírìn-àjò máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa.

Ní ìparí, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí ìwé pélébé: ti ilé, ti olórí àwọn alálàájì yín, àti ti ẹnì kan tí ẹ jọ sùn nínú àgọ́. Ẹ fi +234 ṣáájú ti ilé, kí ẹ sì yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Ẹ rán ìwé náà mọ́ inú aṣọ, nítorí pé fóònù lè sọnù, iná rẹ̀ sì lè tán. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé sì mọ̀ pé wákàtí méjì ni Mẹ́kà fi ṣáájú wa. Ẹ fi àkókò kan sí i lójoojúmọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa pè, kí ó sì máa kí gbogbo ẹbí ní orúkọ onírìn-àjò. Kí Ọlọ́run mú gbogbo onírìn-àjò lọ ire, kí ó mú wọn bọ̀ ire. Àmín.