Ẹnu Àgbọ̀nrín Lára Igi Ìyá

Bí igi tí a gbìn nítorí Òrìṣà bá bàjẹ́, ohun tí àwa ẹlẹ́sìn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, ta ló ṣe é? A kì í sáà béèrè pé, kí ló jẹ ẹ́?

Àwa tí à ń bọ Òrìṣà ní Thames View kò ní ọgbà. Orí àbàtà Barking, ní gúúsù òpópónà A13, ni wọ́n kọ́ àdúgbò wa sí ní àwọn ọdún 1950. Inú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé ni pèrègún wa ń gbé. Nígbà tí Ìyálórìṣà wa papòdà, ọmọ ilé wa kan fún wa láyè lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Harold Hill. Ibẹ̀ ni a gbin igi óákù kékeré sí ní orúkọ Ìyá, a ta omi tútù sílẹ̀, a sì wúre.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo ọ̀mùnú orí igi náà ti tán. Àgbà kan ní ayé ló dọwọ́ bò ó. Òmíràn ní Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ló rán ẹran rẹ̀ wá gba ẹbọ, kí a fi í sílẹ̀. Ọmọ bíbí Ìyá sunkún. Ó ní ìyá òun kọ̀ ọ́ ni.

Ọdẹ ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ yẹ kó lè wo ipa ẹran. A bẹ̀rẹ̀, a wo ojú ibi tí ẹ̀ka ti já. Ehoro a máa gé ọ̀mùnú bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Àgbọ̀nrín ní tirẹ̀ kò ní eyín iwájú lókè. Ńṣe ló ń fi eyín ìsàlẹ̀ di ẹ̀ka mọ́ èrìgì òkè, tí á sì fà á ya, tí èèpo á rí játijàti. Bí igi Ìyá ti rí gan-an nìyẹn. Ọmọ Ìyá fọwọ́ kàn án, ó nu ojú rẹ̀ nù.

Ta ni kò tíì gbọ́ nípa àgbọ̀nrín Harold Hill? Nígbà ìsémọ́lé kòrónà ní 2020, àwòrán wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí lórí koríko iwájú ilé tàn ká. Dagnam Park ni wọ́n ti ń wá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹun jù. Wọn á já díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn á wá lọ dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ.

Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni àwa ti kọ́ orúkọ yìí, àgbọ̀nrín. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nígbó Yorùbá kì í pààrọ̀ ìwo títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Akọ ti ìhín, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fallow, ń sọ tirẹ̀ nù lọ́dọọdún ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Tuntun a hù pẹ̀lú awọ lára. Tó bá di oṣù kẹjọ, á máa ha ìwo mọ́ ara igi kékeré kí awọ náà lè bọ́. Bí igi bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnu rẹ̀, ìwo ń bọ̀.

Ní ti ààbò, gíga ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá ike tí wọ́n ń fi bo igi kékeré, Graham Tuley ti Forestry Commission ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1979. Mítà 1.2 tó fún àgbọ̀nrín kékeré bíi muntjac. Fún ti Harold Hill, mítà 1.8 ni. Èyí tó bá kúrú sí i kàn ń gbé ọ̀mùnú dé ẹnu ẹran ni.

Àwọ̀n onírin ni àwa lò, bí àwọn ará ilé ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà nítorí ewúrẹ́. A jẹ́ kó jìnnà sí igi kí ẹnu má baà dé e, a sì ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Óákù náà ti rú láti ìsàlẹ̀. Ọbàtálá ni Ìyá ń bọ, nítorí náà a so aṣọ funfun síbẹ̀. Ara òpó ni a so ó mọ́, torí igi ń sanra, okùn a sì máa fún un lọ́rùn.