Ìyá Alákàrà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ohun tí ojú wa rí ní Ago Palace Way, ní Okota, lẹ́yìn ìrun Áṣárì lọ́jọ́ kan, kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Àwọn géńdé bíi mẹ́wàá ká ọmọkùnrin kan mọ́, wọ́n ní ó jí fóònù. Wọ́n ti ń wá táyà àti pẹtiróòlù.

Kí a má purọ́, ńṣe ni a dúró tí a ń wò. Kùránì wà lábẹ́ abíyá wa, ẹsẹ̀ wa kò gbé nílẹ̀. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ló já wọ àárín wọn, ó dà bo ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi ni! Ẹ pa èmi náà mọ́ ọn!" Bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rí o. Ìgbà náà ni ojú tì wá, a sáré lọ bá a. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan tẹ̀lé wa, alápatà kan náà dé. Bí a ṣe pé mẹ́rin báyìí, ọwọ́ àwọn géńdé náà dẹ̀. A mú ọmọ náà lọ sí tẹ́ṣàn.

Ní Lekki, lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ní gbangba, wọ́n sì dáná sun ún. 100 náírà ni wọ́n ló dá ìjà sílẹ̀.

Nígbà tí a sọ ọ́ nílé-kéwú, ọmọ kan ní igi lòun ìbá fà yọ. A rán an létí Ànábì Mọ́ sà, tó gbèjà ènìyàn, tí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo sì pa ẹni kejì. Ọmọ mìíràn ní, "Áfáà, ká ní ìyá yẹn kò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

A ní kí wọ́n ṣí wàláà wọn.