Ta Ni Yóò Pe Ọfọ̀ Náà?

Ìwé kan ló dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ọmọ SS2 mi. Kì í ṣe ìwé Yorùbá, kò sì sí lára àwọn tí WAEC yàn fún wa. Children of Blood and Bone ni àkọlé rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, fi kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 2018. Ìlú Salvador ní Brazil ni òǹkọ̀wé yìí wà nígbà tí ó rí àwòrán àwọn òrìṣà wa, tí èrò ìtàn náà sì sọ sí i lọ́kàn. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí wọ́n fi ìyà gbé kọjá òkun ni ọmọ wa lọ bá lọ́hùn-ún.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Ọba Saran pa àwọn tí ó ní agbára òrìṣà, ó sì fòfin de èdè wọn. Èdè tí ó fòfin dè náà, Yorùbá ni. Zélie, ọmọbìnrin onírun funfun tí wọ́n pa ìyá rẹ̀, ọmọ Ọya, ni yóò wá kọ́ bí a ti ń pe ọfọ̀ ní èdè náà kí agbára tó lè padà. Ìlọrin wà nínú ìtàn náà, àmọ́ orí omi òkun ni ó léfòó sí. Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kíláàsì, nítorí Odò Asà tiwa kò tó ohun tí ènìyàn ń pè ní òkun.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n kéde àwọn òṣèré tí yóò ṣe é ní fíìmù. Gina Prince-Bythewood tí ó darí The Woman King ni olùdarí rẹ̀, oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n sì dá fún ìgbéjáde rẹ̀. Thuso Mbedu láti South Africa ni Zélie, Viola Davis ni Mama Agba, Chiwetel Ejiofor sì ni Ọba Saran. Àwọn ọmọ mi fárí gá. "Mà, àwọn ará ilé wa ńkọ́?" Mo rán wọn létí pé Tosin Cole àti Damson Idris, ọmọ wa tí ó dàgbà sí Ìlú Ọba, wà níbẹ̀. Wọn kò gbà. Mo wá ní kí olúkúlùkù lọ yan òṣèré tirẹ̀, kí ó sì sọ ìdí.

Ọ̀pọ̀ wọn fi Fẹ́mi Adébáyọ̀ jẹ Ọba Saran, nítorí Ògúndìjì tí ó ṣe nínú Jagun Jagun ní 2023. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ògúndìjì a máa bú ramúramù. Ti Saran, inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Kọ́lá Oyèwọ̀ ni mo mú, Lápitẹ́ inú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999. Ẹ lọ tún un wò, ọba tí ó gba adé ṣùgbọ́n tí ó kọ gbẹ́rẹ́ ìbúra. Kò pariwo, síbẹ̀ ara ẹni a máa bù máṣọ. Wọ́n fi Lateef Adédìméjì ṣe Inan, ọmọ ọba. Mo ní ọ̀dọ́ langba ni Inan. Wọ́n ní àtíkè yóò bá wa tún ìyẹn ṣe. Peter Fátómilọ́lá ni mo fún ní Lekan, àlùfáà inú tẹ́ńpìlì, kò sì sí ẹni tí ó bá mi jiyàn.

Ọ̀rọ̀ Mama Agba ló mú wa pẹ́. Arúgbó yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá níkọ̀kọ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ ọba bá dé, wọn a yára kó ọ̀pá pamọ́, wọn a sì ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ń kọ́. Ìdòwú Philips, Ìyá Rainbow, ni mo fẹ́ pè, ni ọmọkùnrin kan bá dìde lẹ́yìn: "Mà, ẹ̀yin gan-an ni." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ pupa kan ni mo rántí. Ní 1996, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè, ilé-ìwé aládàáni kan gbà mí sí iṣẹ́. Òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá sọ Yorùbá lẹ́yìn iṣẹ́ Yorùbá yóò san náírà márùn-ún. Èmi tí mo ń kọ́ wọn ní èdè náà láàárọ̀ ni wọ́n fún ní ìwé náà lọ́sàn-án kí n máa kọ orúkọ. Mo kọ ọ́ fún ọdún méjì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Gbèsè rẹ̀ pọ̀ títí ó fi dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Yorùbá sì ní ìtanràn, nítorí náà kò sọ ohunkóhun mọ́ ní ilé-ìwé títí ìyá rẹ̀ fi mú un kúrò.

Mo sọ ọ́ fún kíláàsì bí ó ti rí. Mo ní bí wọ́n bá ń wá ẹ̀ṣọ́ Ọba Saran, kí wọ́n pè mí. Ìyá Rainbow ni kí ó ṣe Mama Agba. Wọn kò pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ó ku Zélie. Orúkọ arẹwà mọ́kànlá ni wọ́n ti mú wá. Yorùbá ni òǹkọ̀wé fi kọ àwọn ọfọ̀ inú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn tí ó bá ṣì ti ba ọfọ̀ jẹ́. Mo hun ọfọ̀ kékeré kan sójú pátákó, mo fi àmì ohùn sí i, mo ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò kà á. Àwọn ọmọ bíbí Ìlọrin kà á, ará ọ̀run di ará ọrùn. Ẹni tí ó kà á yanjú jókòó létí fèrèsé. Ọmọ Núpé ni, Tápà bí a ti ń pè wọ́n, láti Pàtígi lẹ́bàá Odò Ọya. Ọdún mẹ́rin péré ni ó ti lò láàárín wa. Mo bi í bí ó ti ṣe é. Ó ní èdè tiwọn náà ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ó tún ní nígbà tí òun dé Ìlọrin, òun mọ̀ pé òun kò gbọ́, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń fetí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí n dá Thuso Mbedu padà sí ipò rẹ̀. Èdè Zulu náà ní ohùn, etí ọmọ náà kò ní ṣàjèjì sí ohun tí à ń wí. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni bí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó tì í.

Ọmọ Pàtígi tún nawọ́. "Mà, ta ni yóò wá kọ́ ọ?"

Mo fa ìlà kan sí abẹ́ orúkọ Mbedu lórí pátákó, mo kọ "olùkọ́ ohùn" síbẹ̀, mo sì na ẹfun náà sí i kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀.