Ẹni Tí A Jọ Lọ sí Pàràkú

Ọ̀nà láti Cadjèhoun títí dé Pàràkú lé ní 400 kìlómítà. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ọ̀rẹ́ wa kan tí í ṣe Fọ̀n ń ṣàìsàn níbẹ̀. Àwa tọkọtaya kò jẹ́ kí ó dá rìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti jáde.

Títí dé Bohicon, òun ni ó ń fi èdè Fọ̀n bá wa ra búrẹ́dì àti omi. Nígbà tí a dé Dáṣà, ó kàn wá, nítorí èdè Ìdáàṣà sún mọ́ tiwa. A yà sí ihò àpáta Ìyá wa ní Àrìgbó, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ń kóra jọ sí lọ́dọọdún ní oṣù Ògúsítù. A ka Rosárì, òun ní Fọ̀n, àwa ní Yorùbá. Omijé kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Àwa ni a bá a parí rẹ̀.

A kọjá odò Wémè. Ní Ṣábẹ, ìyá arúgbó kan tí ń ta àkàrà gbọ́ ohùn wa, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi.” Nígbà tí ó gbọ́ ìdí ìrìnàjò wa, ó fi ènì sí i, ó sì súre fún ọmọ náà. A túmọ̀ ìre náà fún ọ̀rẹ́ wa. “Àmín” tí ó ṣe kò nílò ògbufọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ a dé Pàràkú. Ọmọ náà na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èdè ilé, ẹ má sì fi ojú tín-ín-rín èdè aládùúgbò. Ọjọ́ ìpọ́njú kì í béèrè irú èdè tí a ń sọ.