Àpápá Ni àbí Ìbàdàn?

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nídìí àmàlà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ilé ìwé ti wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Táyé ló dá a sílẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ kíláàsì òun ló ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn nìkan ló kù. "Dádì, ṣé Àpápá la ń lọ ni àbí Ìbàdàn?"

A wo ara wa lójú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwa méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn ní yàrá, a sì rò pé ohùn wa ò jáde. Ẹ wo ọmọ! Ohun tí a bá pariwo rẹ̀ kì í wọ̀ wọ́n létí, èyí tí a bá sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n máa ń gbọ́ já.

Ìdó là ń gbé, nínú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Ìtàn sọ pé Olófin àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìṣẹ̀rì wá fi ibẹ̀ ṣe ibi ààbò, torí erékùṣù ni nígbà náà, omi ló yí i ká. Ìjọba òyìnbó dé, wọ́n ṣe afárá, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sómi, ibi ààbò di ojú ọ̀nà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó lọ sókè, nígbà tó di 1901 ó ti wọ Ìbàdàn. Láti ìgbà yẹn, ibi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá ni Ìdó. Ẹni tó ń ti Ọyìngbò lọ Èkó á kọjá, ẹni tó ń lọ sí ìlú Ìbò á wá wọ mọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń lọ lo ọlidé ní Ìdó. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀, ẹrù àwọn ẹlòmíràn ló máa ń wò lórí mọ́tò, tí ọkàn rẹ̀ á sì máa bá wọn lọ.

Àpápá sún mọ́ wa. Tí èèyàn bá kúrò ní Ìdó, tó gba Ìjọra, kò tó kìlómítà mẹ́wàá tó fi máa dé ọgbà ìgbafẹ́ tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré wà ńbẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí ọmọdé fi ń kọlu ara wọn wà, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí lókè náà wà. A lè jẹun àárọ̀ tán ká tó lọ, ká sì padà jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé.

Ti Ìbàdàn jìnnà. Trans Amusement Park ni, lẹ́bàá Bódìjà, èyí tí àwọn àgbà tó bá ibẹ̀ láyé ṣì ń pè ní Transwonderland. Ọ̀kan nínú wa ti lọ síbẹ̀ ní kékeré, kò sì yé sọ ọ́. Orúkọ ọgbà yẹn náà ni Noo Saro-Wiwa, ọmọ Ken Saro-Wiwa, fi sọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tó jáde ní 2012, *Looking for Transwonderland*. Nígbà tó débẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ti dàgbà, ibẹ̀ sì dá. Èyí tó ti lọ ní kékeré nínú wa ka ibẹ̀ nínú ìwé náà, ó pa ìwé dé, ó ní, "Kò burú. Èmi mọ ohun tí mo rí."

Ọ̀nà kẹta tún wà, tí a kò bá fẹ́ parọ́. Àbúrò wa kan tó ń gbé ní Peckham pè lórí WhatsApp, ó ní ká yọwọ́ nínú gbogbo ìyẹn, ká kó àwọn ọmọ wá sí London, òun á mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun lọ sí Disneyland tó wà lẹ́bàá Paris. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó sọ fóònù kalẹ̀, a ṣírò owó físà èèyàn márùn-ún, ti London lọ́tọ̀, ti Faransé lọ́tọ̀, a ò tíì kan owó bàálù tí a fi ju bírò sílẹ̀. Ìdòwú, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bi wá pé ṣé ibi yẹn kọjá Ìbàdàn ni. A ní, "Ó kọjá rẹ̀ díẹ̀."

Bó bá jẹ́ owó àti ọ̀nà nìkan ni, à bá ti parí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé ni kò jẹ́ kó parí.

SS ni Kẹ́hìndé. Táyé jẹ́ AS, Ìdòwú jẹ́ AA. Kí a tó ṣègbéyàwó a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ilé àyẹ̀wò kan sì kọ AA fún ọ̀kan nínú wa. A ká ìwé náà sínú Bíbélì, a lọ dájọ́ ìyàwó. Ìgbà tí àwọn ìbejì pé oṣù mẹ́sàn-án, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé wú, la tó mọ̀ pé AS ni àwa méjèèjì. Ẹni méjì tó bá jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. A ti gbọ́ ọ rí ní sẹ́kọ́ńdírì, a sì kọ ọ́ síwèé nígbà ìdánwò. Ó yàtọ̀ nígbà tí ìdá kan yẹn bá ń sunkún lórí itan ẹni.

Àwọn àgbà ń pe àìsàn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde. A kì í fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ yẹn nílé wa. Èyí tí àwa mọ̀ ni pé òtútù lè dá a sílẹ̀, òùngbẹ lè dá a sílẹ̀, àárẹ̀ lè dá a sílẹ̀, ibà lè dá a sílẹ̀. Ìrora á wọ inú eegun ọmọ, yóò máa ké ní ohùn tí kò jọ tirẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ibi tí à ń lọ, a ti mọ bó ṣe jìnnà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí a tó mọ nǹkan mìíràn nípa ibẹ̀.

Ìdí rèé tí ọ̀kan nínú wa fi dúró lórí Àpápá. Ó ní: láti Àpápá, bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, a mọ ibi tí a máa sáré gbà. Láti Ìbàdàn ńkọ́? Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn máa ń tutù bíi yìnyín, ta ló fẹ́ gbé ọmọ SS jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì àti ààbọ̀?

Èkejì ní kí wọ́n jẹ́ ká rántí ọdún 2019. Àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún márùn-ún. Àpápá yìí kan náà la lọ, torí pé ó sún mọ́. Nígbà yẹn, àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté ti gba gbogbo ọ̀nà, wọ́n tò láti orí afárá dé ẹnu géètì, àwọn awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ wọn. A jókòó sójú kan nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta ó lé. Omi tí a gbé lọ́wọ́ tán. A rí ọgbà náà lókèèrè, a ò lè dé ibẹ̀, a sì yí padà sílé lórí ọ̀kadà. Òru ọjọ́ yẹn ni crisis dé, ọjọ́ mẹ́rin la sì lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. "Ìtòsí la lọ yẹn o," ni èyí tó ń sọ̀rọ̀ wí. "Ìtòsí wo ló kù?"

Èyí àkọ́kọ́ dáhùn pé ọ̀nà Àpápá ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Òótọ́ ni. Èkejì ní ojú irin kò ní tírélà. Òótọ́ nìyẹn náà. Báyìí la ṣe ń bá a yí, tí òótọ́ méjì ń ja ìjàkadì nínú yàrá kan, tí kò sí èyí tó dá èkejì.

Kẹ́hìndé ló là wá. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn tí Táyé béèrè ìbéèrè rẹ̀, Kẹ́hìndé kò gbójú sókè. Ó ń fi ìka yí òkèlè rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Táyé àti Ìdòwú máa lọ Ìbàdàn. Èmi á dúró ti Mọ́mì. Ṣebí nítorí mi náà la kì í fi í lọ ibi tó jìnnà."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Bí ẹni tó ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Táyé gbé àwo rẹ̀ kúrò níwájú, ó ní bí Kẹ́hìndé ò bá lọ, òun náà ò lọ. Ọbẹ̀ tutù. Kò sẹ́ni tó lè jẹun mọ́.

Lóru yẹn, ọ̀rọ̀ tí a sọ ní yàrá kò kan Àpápá tàbí Ìbàdàn mọ́. A bi ara wa pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti kọ́ lọ́dọ̀ wa. A rò pé à ń kọ́ ọ láti máa mu omi, láti máa wọ súẹ́tà, láti máa lo oògùn rẹ̀. Ohun tó kọ́ ni pé òun ni ìdí tí ayé àwọn ẹlòmíràn fi kéré. A kò sọ ọ́ fún un rí. Bí a ṣe ń ṣe ló sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé a lọ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. A rò pé yóò ní rárá, kí wàhálà tán. Ó ní, "Ẹ mú un lọ. Ẹ mú un lọ dáadáa." Ó ka ohun tó yẹ ká ṣe: omi látàárọ̀, aṣọ òtútù nínú ọkọ̀, kó má wọ inú omi tútù, kó sinmi ní ọ̀sán, oògùn ìrora nínú báàgì, ìwé àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sì rán wa létí ohun tí a mọ̀ tí ẹ̀rù ti mú wa gbàgbé, pé UCH wà ní Ìbàdàn láti 1957. Ìyá àgbà wọn náà wà ní Mọ́kọ́lá, ní ibi tí kò jìnnà sí ọgbà yẹn rárá. Ibi tí à ń pè ní ọ̀nà jíjìn ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọbẹ̀, ó ní ilé ìwòsàn ńlá. Àwa la ò wò ó.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Láti Ìdó wa tí ojú irin ti bẹ̀rẹ̀, a ní láti wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí ibùdókọ̀ tuntun ní Èbúté Mẹ́ta, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021. Kẹ́hìndé wọ súẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ró aṣọ ìyá rẹ̀ kan mọ́ ìdí. Ìdòwú ní ó jọ àlejò tó ń ti Jọ́ọ̀sì bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi inú fúláàsì fi dà sí i lára. A pa á láṣọ dà. Ọkọ̀ gbéra, ó kọjá Agége, àwọn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, igbó dé. Ní Abẹ́òkúta, Táyé ka orúkọ Wọlé Ṣóyínká lára ibùdókọ̀, ó ní ṣé òun ló ni ín ni. Kìlómítà 157 ni gbogbo ojú irin náà láti Èkó dé Ìbàdàn, kò sì sí èyí tí a kò kà nínú rẹ̀, a ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

A kọ́kọ́ sùn sí Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́wàá, a wọ ọgbà.

Ẹ máa ń gbọ́ ọ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. A fojú rí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí kẹ̀kẹ́ ńlá, Kẹ́hìndé dúró, ó ní kí Táyé kọ́kọ́ lọ. Táyé gùn ún, ó yí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá jíṣẹ́: "Kò tutù lókè. Atẹ́gùn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. O máa rí òrùlé pupa, ó pọ̀." Nígbà náà ni Kẹ́hìndé tó wọ̀ ọ́, òun àti Dádì. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ó ké. Àyà ẹni tó wà nílẹ̀ nínú wa já, torí a ti mọ igbe ọmọ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé wa pé ìdùnnú ni. A ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ìyẹn ni kò jẹ́ ká tètè dá a mọ̀.

Nígbà tó di aago kan kọjá díẹ̀, Ìdòwú ń fà wá lọ sí ìdí ẹ̀rọ mìíràn. Kẹ́hìndé jókòó sábẹ́ igi, ó bọ́ bàtà. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti tó fún mi. Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀." Ó mu omi, ó ní kí àwọn yòókù máa ṣeré lọ, òun fẹ́ lọ sùn lọ́dọ̀ Màmá. A gbé e lọ. Ó lo oògùn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbígbóná dì í lórúnkún, ó sùn. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló jí, ó béèrè ẹ̀bà. Nǹkan mìíràn ò ṣẹlẹ̀.

A kò sọ pé nǹkan kan kò lè ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, crisis dé bá a nínú ilé, ní Ìdó, lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ibi tó sún mọ́ wa jù láyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé láti Ìbàdàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìgbà tó ti tó, àwa náà sì ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ kí àyà wa tó já.

Nígbà Kérésì, a bi wọ́n pé níbo là ń lọ. Táyé ní Abẹ́òkúta. Ìdòwú ní Peckham. Kẹ́hìndé ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ Àpápá. A ò tíì débẹ̀ rí."