Agolo Òjò Wa

Bí a bá fẹ́ sọ ohun tí ó mú wa fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ àti òkun, a ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìtìjú wa.

Ní ọdún kejì wa níhìn-ín, ọwọ́ ẹgbẹ́ wa ni oko àgbàdo ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, òjò rọ̀ ní alẹ́ méjì léraléra, ó sì pariwo lórí páànù tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohùn ara wa. A wí pé àsìkò dé. Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ pààlà mọ́ tiwa dúró, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Àkọ́rọ̀ ni èyí. Ilẹ̀ kò tí ì mumi yó." A kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọjá tán, a rẹ́rìn-ín. A gbàgbé pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé lè gun igi kí ó má rí i. Àgbàdo wa hù. Lẹ́yìn náà oòrùn ràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì gbẹ. Owó tí à bá fi ra ẹja sí ọbẹ̀ wa ni a fi ra irúgbìn mìíràn.

Olùkọ́ wa kò bá wa wí. Ó fún wa ní agolo kan tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ ṣe déédéé, àti rúlà kan. Ó ní kí a gbé agolo náà sí gbangba, jìnnà sí igi àti ilé, kí a sì máa wọn omi inú rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lójoojúmọ́. Bí omi náà bá ga ní mìlímítà 1, lítà omi 1 ni ó ti bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 1 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òjò kan tí ó lé gbogbo wa wọlé kò ju mìlímítà 4 lọ. Nígbà tí a walẹ̀, eruku ni a bá nísàlẹ̀. Ariwo orí páànù kì í ṣe òṣùwọ̀n.

A kò ní fi ẹ̀bi wa kejì pamọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, oorun dùn mọ́ wa, a sì kọ "0" sínú ìwé láìjáde síta. Olùkọ́ wa mú wa lọ sí ìdí agolo. Omi wà nínú rẹ̀. Ó ní kí a fa ìlà sí òǹkà náà, kí a kọ ọ́ pé a kò lọ wò ó ní àkókò. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé àyè òfìfo sàn ju òǹkà irọ́ lọ.

Ní ti òkun, àwa tí a bí sí ọ̀nà jíjìn sí etí omi rò pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá, lórí òkun Àtìláńtíìkì ni ó ti ń ru omi tí ń di òjò wa. Bí omi etíkun Gánà ti ń tutù ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ wà lára ohun tí ń mú kí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹlẹgbẹ́ wa kan, ọmọ apẹja ní Badagry, wí fún wa pé òkun a máa ru ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Òtítọ́ ni: ìgbì tí ìjì rú sókè ní gúúsù òkun, níbi jíjìn réré, a máa rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó, ó sì gbé ènìyàn lọ.

Lóòótọ́, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, NiMet, a máa kéde lọ́dọọdún ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí ẹni tí kò wọn òjò rí, bí àlọ́ ni ìkéde náà yóò rí.

Bàbá àgbẹ̀ wa ṣì ń kọjá lẹ́bàá oko wa. Ní ọdún yìí, kí a tó gbin ohunkóhun, a mú ìwé wa tọ̀ ọ́ lọ. Ó bèèrè ohun tí agolo wí. Àwa náà bèèrè ohun tí ilẹ̀ wí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu, a gbìn.

Ẹ̀yin ará, láìpẹ́ a ó fọ́n ká lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo. Agolo kò wọ́n, rúlà kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa gbé ọ̀kan sí àgbàlá ibi tí a bá rán an lọ, kí àwọn ọmọ máa wò ó lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa kọ òtítọ́ sílẹ̀.